Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Mọ́tò Pupa

Nàgó ni wọ́n ń pe àwa tí a ń sọ Yorùbá ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí mi. Nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí Adó-Èkìtì, èrò mi ni pé àárín àwọn èèyàn mi ni mò ń lọ, pé n kò ní í nílò orúkọ mìíràn níbẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi sọ mí ní Kùtọnu.

Ọ̀gá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Délé ni à ń pè é. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Òkè-Ìlá, lórí ilẹ̀ gbalasa kan tí mẹkáníìkì méjìlá jọ ń lò. Mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé, mo wá iṣẹ́ fún ọdún kan ààbọ̀, n kò rí. Ọ̀gá Délé ní tirẹ̀ ti ra sikánà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ìdarí mọ́tò kí ó lè ka ohun tó wà nínú ọpọlọ mọ́tò náà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ kò yé e. Ó ń wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe di ti ara wa nìyẹn.

Bí oníbàárà bá ti dé, ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá máa ń sọ nípa mi ni pé Kùtọnu ni mo ti wá, pé ojú mi ni wọ́n ṣe ń já gbogbo mọ́tò tòkúnbọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo dé Kùtọnu láyé mi, n kò sì dé etíkun ibẹ̀ rí. Kétu jìnnà sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú ń tì mí láti já Ọ̀gá nírọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rò pé yóò dójú tì í. Kí oṣù kan tó pé, irọ́ náà ti di ara iṣẹ́ mi. Èmi tí mo máa ń yẹ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn wò lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń sọ nípa mi kọjá bẹ́ẹ̀.

*

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Adó kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí mo mọ̀ ni, ó kàn yàtọ̀ díẹ̀ ni. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, síbẹ̀ mo ní láti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé di ulé, iṣẹ́ di uṣẹ́, iṣu di uṣu, ohùn wọn sì ń gòkè ó ń sọ̀ bí ọ̀nà ìlú wọn. Bí èmi náà bá sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà á ní kí n tún un sọ. Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó kàn fẹ́ràn bó ṣe ń dún ni.

Ìkíni tún wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ní láti kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá yòókù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fo ẹyọ kan nítorí pé abẹ́ mọ́tò ni ẹni tó ni ín wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Kó tó di ọ̀sán, Ọ̀gá ti gbọ́. Ó bi mí bóyá ní ilẹ̀ Faransé tiwa, a kì í kí ẹsẹ̀ ni.

Èdè Faransé ni mo fi ń ka nǹkan nínú ọkàn mi, nítorí òun ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò. Bí mo bá ń tú nọ́ọ̀tì, ẹnu mi á máa mì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì rò pé àdúrà ni mò ń gbà, wọ́n sì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún mi. Ìyẹn náà, n kò já wọn nírọ́.

Ọjọ́ Àìkú ló le jù. Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ilé tí mo gba yàrá sí, ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn sì ń lọ. Àwa Kátólíìkì ti máa ń parí Máàsì àárọ̀ kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. N óò padà délé, n óò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ilé tó dákẹ́, n óò máa wo òkúta ńlá tó dúró lẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń tẹ́tí. Ìgbà náà ni ìyá mi máa ń pè. Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀. Kì í bi mí bóyá mo ti jẹun. Ohun tó máa ń bi mí ni bóyá ẹnì kan wà tó ń pè mí wá jẹun. Mo máa ń sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára.

*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n gbé mọ́tò pupa náà dé. Mọ́tò spọ́ọ̀tì ni, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì kúrú débi pé ènìyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó wọlé sí i. Gbogbo mẹkáníìkì tó wà lórí ilẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣẹ́gun ló ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta fóònù àlòkù láàárín ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, ibi tí wọn ó gbé ọmọ sí kò sí nínú mọ́tò náà, ló bá fẹ́ tà á.

Ẹni tó fẹ́ rà á ló yà wá lẹ́nu. Ìyá kan láti Ìyìn-Èkìtì ni, olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Físíìsì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó kọ́ Ọ̀gá Délé pàápàá ní ilé ìwé girama, títí di òní bí màmá bá ń sọ̀rọ̀, Ọ̀gá á di ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀ dá a láṣà láti bèèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń ra mọ́tò yìí fún. Ó ní rárá, ara òun ni. Ó ní gbogbo mọ́tò tóun ti ní láyé, ti ẹlòmíràn ni wọ́n: ọ̀kan ti àwọn ọmọ, ọ̀kan ti ìwé ìdánwò, ọ̀kan ti iṣu àwọn ẹbí ọkọ òun. Eléyìí ni yóò jẹ́ tòun.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti gbọ́ pé lókè òkun, àwọn tó ń wa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà, wọn á fi agbára kún un ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í sí lọ. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fẹ́ epo tó dára ju èyí tí a ń rà níbí. Bí ó bá ń gun òkè Èkìtì nínú ooru, ọjọ́ kan ni yóò fọ́, owó ìfẹ̀yìntì màmá á sì bá a lọ. Ṣẹ́gun búra pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Màmá fèsì pẹ̀lẹ́tù pé òun kò bi ẹni tó ń tà á. Èmi ló wò.

“Ọmọ mi, yẹ̀ ẹ́ wò fún mi. N óò padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.”

*

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ wá. Ó wà nínú ìwé tí mo kà ní yunifásítì, èyí tí wọ́n kọ lókè òkun. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò náà, kò pẹ́ tí mo fi rí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Lára páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ó yẹ kí ìkòkò irin kan wà tó ń sẹ́ èéfín náà. Wọ́n ti gé e kúrò, wọ́n sì ti jó páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Ìwé mi ní ohun tí àwọn tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ máa ń ṣe nìyẹn, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí dáadáa.

Mo so sikánà mọ́ ọn. Ọpọlọ mọ́tò náà ṣófo, gbogbo ohun tó yẹ kí ó rántí nípa ìrìn rẹ̀ ti parẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn nu pátákó ìkọ̀wé kí olùkọ́ tó wọlé. Ẹlẹ́rìí kejì. Mo tú púlọ́ọ̀gì, nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Irú èyí tó ń fara da ooru jù ni. Ẹlẹ́rìí kẹta.

Inú mi dùn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀rọ̀ kan ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta tí ẹnu wọn kò.

Màmá kò dúró de ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ó yà kí wa bó ṣe ń ti báńkì bọ̀, agbòjò lọ́wọ́. Ọ̀gá ti lọ ra páàtì mọ́tò. Màmá bi mí bóyá mo ti rí nǹkan kan.

“Wọ́n ti fi agbára kún un, mà,” ni mo wí. “Ó dá mi lójú.”

Àárín gbangba ni mo ti sọ ọ́. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi kún un pé bí Kùtọnu bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí mo mọ àwọn mọ́tò yẹn láti ilé. Mo gbọ́ ọ. Mo sì dákẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti délé dóko pé Ṣẹ́gun fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ fún ìyá àgbàlagbà.

*

Ṣẹ́gun wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pariwo, èyí sì burú ju ariwo lọ.

“Ọ̀rẹ́, kí ni mo ṣe ọ́?”

Ó ní òun lọ ra mílíìkì ọmọ òun, obìnrin tó ń tà á sì bi òun bóyá òótọ́ ni. Ó ní iṣẹ́ tòun, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹni tó ń ra fóònù àlòkù kò lè rí inú rẹ̀, ojú ẹni tó ń tà á ló ń wò. Bí wọ́n bá ti ń sọ pé òun ń tan arúgbó jẹ, ta ni yóò tún rà lọ́wọ́ òun?

Mo ka ẹlẹ́rìí mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ọ̀gá Délé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí n máa bọ̀. Ó mú mi yí gbogbo ilẹ̀ náà ká. Ó ní kí n bẹ abẹ́ takisí kan wò, lẹ́yìn náà abẹ́ mọ́tò olùkọ́ kan, abẹ́ mọ́tò iléeṣẹ́ ìjọba, títí a fi dé abẹ́ bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì kan. Mẹ́fà ni mo bẹ̀ wò. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fa, wọ́n ti gé ìkòkò náà kúrò. Ọ̀gá ṣàlàyé pé epo wa máa ń dí i pa, bí ó bá sì ti dí, gígé ni wọ́n ń gé e. Èyí tí kò dí, àwọn kan máa ń wá rà á, nítorí ohun iyebíye kan wà nínú rẹ̀.

“Kùtọnu,” ó ní, “ṣé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ń sáré ìje ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣẹ́gun pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ẹlẹ́rìí kejì kò pẹ́ tó fi ṣubú. Ṣẹ́gun máa ń yọ orí bátìrì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí ó má baà kú, bí ìdajì àwọn onímọ́tò Adó ṣe ń ṣe. Bí a bá sì ti yọ ọ́, ọpọlọ mọ́tò á gbàgbé gbogbo nǹkan. Ẹlẹ́rìí kẹta, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni. Lọ́dún tó kọjá, òun ló bá Ṣẹ́gun ra púlọ́ọ̀gì náà lọ́jà láìtíì rí mọ́tò náà, ẹni tó ń tà á kò ní nọ́ńbà tó yẹ, ó sì gba èyí tó sún mọ́ ọn.

Ìwé mi kò parọ́. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ló yàtọ̀ sí ibí. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gé ìkòkò yẹn láìnídìí, nítorí náà gígé rẹ̀ ń sọ ohun kan. Níbí, ìdí tí a fi ń gé e pọ̀ débi pé gígé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo ti gbé Adó fún ọdún kan àti oṣù méjì, mo sì wo mọ́tò yẹn bí ẹni tó dé lánàá. Mo rò ó síwájú sí i: bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wo èmi. Wọ́n gbọ́ pé mo ti ìwọ̀ oòrùn wá, wọ́n gbọ́ Faransé lẹ́nu mi, wọ́n ní Kùtọnu ni. Àmì náà tọ̀nà. Ohun tí wọ́n fà yọ nínú rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

Kí Ṣẹ́gun tó lọ, ó sọ ohun tó fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti sọ ọ́, kí n fi hàn pé òótọ́ ni kí màmá tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, tàbí kí n kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ó ní bí mi ò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ni yóò bá wa dá sí i.

*

N kò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pe ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ní àkókò ìsinmi rẹ̀. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á pé ara mi kò yá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá sọ́dọ̀ àwọn, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ eyín tó ń hù, ó lè jẹ́ oòrùn. Àwọn kì í bá ara gbígbóná jiyàn.

“Ẹ̀jẹ̀ la máa ń gbà. Wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà.”

Mo jókòó sórí táyà, mo ń ro ohun tí í ṣe ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò pupa náà ní tọ́bò, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi agbára tó pọ̀ kún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni lè gé páìpù, ẹnikẹ́ni lè ra púlọ́ọ̀gì tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n iye afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì, ọpọlọ mọ́tò ló ń pàṣẹ rẹ̀. Sikánà sì lè kà á bí mọ́tò bá ń gun òkè. Mo wá ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà lórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tọ́bò kò gbọdọ̀ ti afẹ́fẹ́ ju 90 kPa lọ, òṣùwọ̀n kan náà tí sikánà ń lò.

Inú mi tún dùn. Ìdùnnú yìí dákẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì a mú ọ̀nà Ìyìn pọ̀n. Èèyàn méjì péré ni mọ́tò pupa náà ń gbà, Ṣẹ́gun wà á, èmi jókòó tì í pẹ̀lú sikánà lórí itan mi. Màmá àti Ọ̀gá ń tẹ̀lé wa nínú mọ́tò àtijọ́ tí màmá ní. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ òkè kan tí ọ̀nà ti mọ́, mo ní kí Ṣẹ́gun tẹ iná délẹ̀.

Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga. Nọ́ńbà ń gòkè lójú sikánà: 120, 150, 175. Ó dé 184, ó dúró síbẹ̀. A padà sísàlẹ̀, a tún gùn ún. 184.

Ìwé ní 90. Ó fi ju ìlọ́po méjì lọ.

Mo sọ ọ́ fún Ṣẹ́gun. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí. Níkẹyìn ó ní bóun ṣe rà á lòun ṣe ń tà á, pé àwọn ará Kùtọnu mi ló tan òun. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti jàre, ṣùgbọ́n jíjàre náà kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Màmá rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mú ìgò ojú rẹ̀ jáde, ó gba sikánà, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí Ṣẹ́gun pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní títàn kí sikánà lè máa ka nọ́ńbà lọ.

“Kí ni ó kà báyìí?”

Mo wò ó. “96, mà.”

“Ẹ́ńjìnnì ti kú. Tọ́bò kò yí. Ta ló wá ń ti 96?”

Mo tún wo sikánà náà. Màmá yíjú sí Ọ̀gá, ó bi í pé kí lòun kọ́ wọn ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Ọ̀gá Délé, ẹni àádọ́ta ọdún, di ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yí gbogbo ayé ká, mà. Ó wà níbẹ̀ kí a tó dé.”

“O ṣeun, Délé. Ẹ yọ ọ́ kúrò.”

Ó ní kí èmi yọ ọ́, kí wọ́n gbọ́. Mo yọ 96 kúrò nínú 184 ní èdè Faransé lábẹ́ ahọ́n, mo sì sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Ó ku méjìdínláàádọ́rùn-ún. Kò tilẹ̀ tó 90.

Bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ti ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ rí, mo sì yege. Òdo ni sikánà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ayé parí sí ni ìwé ilé iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ojú ti kán mi láti jàre, n kò bèèrè ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Màmá kò bú mi. Ó kàn tún bi mí, bí ẹni tó ń bi ọmọ kíláàsì.

“Kí ni o rí, kí sì ni o rò? Má pò wọ́n pọ̀.”

Mo gbìyànjú. Mo ní mo rí i pé lónìí, lórí òkè yìí, tọ́bò kò ti afẹ́fẹ́ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe pàṣẹ lọ. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fi agbára kún un rí, tó sì ti dá a padà. N kò lè mọ ìyẹn láti ibi tí mo jókòó sí. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì náà wà bó ṣe yẹ kó wà, ṣùgbọ́n èrò ni ìyẹn. Bí ẹnu mi sì ti là, èyí tó kù tẹ̀lé e jáde: mo ní n kò mọ Kùtọnu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo débẹ̀. Ará Kétu ni mí, n kò rí ibi tí wọ́n ti ń já mọ́tò rí.

Ọ̀gá ń wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

“Ta wá ni Kùtọnu tí mo ti ń bú nínú ọkàn mi láti àná?”

Màmá ra mọ́tò náà. Ó ní ohun tí mo sọ pé n kò mọ̀ ló jẹ́ kóun gba èyí tí mo sọ pé mo mọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wọlé, ó fa àga síwájú títí àyà rẹ̀ fi fẹ́ kan ìdarí, ó sì forí lé Ìyìn. Ó rọra ń lọ débi pé ọ̀kadà tó gbé iṣu mẹ́wàá yà á sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Kò kà á sí.

*

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta Ọ̀gá sọ fún mi pé Ṣẹ́gun ti gbé e lọ sí ẹgbẹ́. Inú kò bí i mọ́, ṣùgbọ́n àárín àwọn mẹkáníìkì ni mo ti sọ ohun tí mo sọ, àárín wọn náà ni kí n ti kó o jẹ. Mo gbà pé ó tọ́. Òkè ọ̀nà Ìyìn kọ́ ni obìnrin tó ń ta mílíìkì ti gbọ́ ọ.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ máa ń pàdé lábẹ́ igi máńgòrò kan. Wọ́n á kọ orin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, bí ènìyàn ṣe ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò tíì la ẹnu níbẹ̀ rí ju àmín lọ.

Alága wọn, bàbá kan tó ń jó irin, pè mí dìde. Ṣẹ́gun wà níbẹ̀. Mo sọ ohun tí mo wí lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo sì sọ pé kì í ṣe òótọ́. Mo sọ bí mo ṣe ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè gbọ́ Kétu nínú ohùn mi dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo dé ibi tí màmá ti pa ẹ́ńjìnnì tí sikánà ṣì ka 96, ẹnì kan dá mi dúró. Òun náà ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, ó rò pé sikánà òun ti bàjẹ́ ni. Ẹlòmíràn bèèrè bóyá nọ́ńbà náà á yí bí a bá gbé mọ́tò lọ sí ìlú tó ga ju Adó lọ. Mo ní yóò dín kù. Ó ní mélòó? Ọ̀rọ̀ fẹ́ di kíláàsì mọ́ wa lọ́wọ́, kí alága tó lu tábìlì.

Ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ìtanràn mi ni páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fún gbogbo ilé, àti pé kí n lọ kí ìyàwó Ṣẹ́gun nílé. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ nígbà tí akọ̀wé na ọwọ́ sókè. Ó ti yẹ ìwé wò. Orúkọ mi kò sí nínú rẹ̀, òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, a kì í bu ìtanràn fún un. Ọ̀gá Délé sọ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò òun ni mí, kí wọ́n fi ojú àlejò wò mí, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbà mí sílẹ̀ ni.

Alága wò mí.

“Àlejò ni ọ́, àbí ará ibí? Bó bá jẹ́ àlejò, jókòó, ọ̀rọ̀ ti tán.”

Mo yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ṣe máa ń yẹ ohun gbogbo wò. N kò mọ iye ọdún tí n óò lò ní Adó. N kò mọ̀ bóyá n óò padà sílé. Ohun tí mo rí nìkan ni pé mo ti ṣẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí, wọ́n sì jókòó lórí táyà àti àpótí irinṣẹ́ láàárọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ mi dé òpin.

“Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, bàbá,” ni mo wí. “Lẹ́yìn náà kí ẹ bu ìtanràn náà.”

Akọ̀wé ṣí ìwé, ó kọ ọ́. Mo lọ ra páálí náà, mo rù ú dé, mo pín in kárí láti ọ̀dọ̀ alága títí dé ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun. Ọ̀kan nínú wọn gba tirẹ̀, ó fọwọ́ kan ìgò náà, ó bojú jẹ́. Ó ní kò tutù. Ó ní kí n dá gbogbo rẹ̀ padà, kí n lọ bá wọn mú èyí tó tutù wá, kíá, iṣẹ́ ń dúró.

Mo kó àwọn ìgò náà padà sínú páálí, mo sì gbé e padà sórí.